Ìkìlọ̀ fún ẹ̀yin tí ẹ ń kúrò lórí Aida: ayédèrú aṣọ ọ̀gbọ̀ wà níta o

Ẹ̀yin èèyàn mi tí a jọ ń ṣe cross stitch, iṣẹ́ ọnà tí à ń fi abẹ́rẹ́ àti òwú gún bí àmì X sára aṣọ, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ti ń ṣe é lórí Aida 14, aṣọ tí ihò rẹ̀ hàn ketekete tó ń gba sítíìṣì 14 nínú ínṣì kan, láti ọjọ́ yìí tí ẹ wá fẹ́ bọ́ sórí aṣọ tí híhun rẹ̀ rí wínníwínní, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì sanwó. Ẹ ka èyí ná. Wọ́n ta ayédèrú fún mi, ó sì kù díẹ̀ kó pé oṣù kan kí n tó mọ̀, torí pé ojú ara mi ni mo ń dá lẹ́bi.

Màmá mi á pé ọmọ 70 ọdún lọ́dún tó ń bọ̀, n'Ìbàdàn. Wọ́n ní ìró àdìrẹ ẹlẹ́kọ kan tí wọ́n ti ń ró kí wọ́n tó bí mi. Ìbàdàndùn ni ọnà ara rẹ̀: òpó gbọ̀ngàn Mápó, ṣíbí láàárín, òpó mìíràn, ṣíbí mìíràn. Mo fara balẹ̀ ya ojú kan lára rẹ̀ sórí ìwé gíráàfù, sítíìṣì 112 ní ìbú, 112 ní òòró. Lórí Aida 14, ínṣì 8 ni ìyẹn máa gbà, bẹ́ẹ̀ ínṣì 7 ni ojú férémù tí mo ti rà sílẹ̀. Aṣọ ọ̀gbọ̀ (linen) tó ní fọ́nrán 32 nínú ínṣì kan ló máa bá a mu, nítorí fọ́nrán méjì-méjì la máa ń gùn lé lórí irú aṣọ bẹ́ẹ̀. 32 á di sítíìṣì 16 nínú ínṣì, 112 á sì wọ inú ínṣì 7 gẹ́lẹ́.

Bí mo ṣe ń wá a kiri lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni mo rí ẹnìkan tó ń tà á ní ìdajì owó. Àwòrán rẹ̀ dára gan-an. Etí aṣọ náà hàn, òwú kan tó láwọ̀ ọsàn sì gba inú etí rẹ̀ kọjá. Ẹni tó bá ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí mọ òwú ọsàn yẹn: àmì Zweigart ni, ilé iṣẹ́ tó ti wà ní Jámánì láti 1877, àwọn náà ló sì ń hun Belfast, aṣọ ọ̀gbọ̀ 32 tí mo ń wá. Mo fi káàdì san £19 fún tèmi. Kó tó dé rárá, àbúrò méjì níbi iṣẹ́ ní àwọn náà fẹ́. Olùtajà ní bí mo bá fi owó ti méjèèjì ránṣẹ́ tààrà sí àkáǹtì òun, òun á yọ £3 kúrò. Mo fi £35 ránṣẹ́.

Aṣọ dé. Wọ́n ti gé etí rẹ̀ kúrò ní ọ̀nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó le gbagidi bíi gèlè tuntun, mo sì rò pé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn, torí mi ò fọwọ́ kan ojúlówó rẹ̀ rí. Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ń mú wa. Ẹni tó ń ti orí Aida bọ̀ ti gbà tẹ́lẹ̀ pé nǹkan á le fún òun: ihò kò hàn ketekete mọ́, fọ́nrán kan nípọn, èkejì tín-ín-rín, a ń kà á, ó ń dàrú mọ́ wa lójú. Ohunkóhun tó bá ṣẹlẹ̀ lórí aṣọ yẹn, àìmọ̀ọ́ṣe la máa pè é.

Àárọ̀ tí mo bá ti ibi iṣẹ́ alẹ́ dé ni mo máa ń jókòó tì í. Òpó Mápó àkọ́kọ́ tí mo ṣe ga fíofío. Orí ṣíbí tí mo yà ní róbótó dà bí ẹyin adìyẹ. Mo tú u, mo tún un ṣe. Mo tú u lẹ́ẹ̀kejì. Mo lọ rí dókítà ojú, mo ra awò tuntun tí owó rẹ̀ fi ìlọ́po mélòó kan ju ti aṣọ náà lọ. Awò dé, òpó ṣì ga.

Ẹ̀gbọ́n kan tí wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ yìí tipẹ́ ló wò ó, tí wọ́n ní, "Àbúrò, gbé rúlà wá." Ibi tí mo bá a dé, sítíìṣì 40 ní ìbú, 40 ní òòró. Ti ìbú jẹ́ ínṣì méjì àbọ̀, bó ṣe yẹ. Ti òòró fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ínṣì mẹ́ta. Wọ́n wá gún píìnì kan sára aṣọ, wọ́n wọn ínṣì méjì, wọ́n gún òmíràn, wọ́n sì ń fi ẹnu abẹ́rẹ́ ka fọ́nrán lọ́kọ̀ọ̀kan lábẹ́ iná. Ní ìbú, 64. Wọ́n yí aṣọ, wọ́n ka ti òkè lọ sílẹ̀: 54. Ìyẹn ni pé 32 wà nínú ínṣì kan lápá kan, 27 ló wà lápá kejì. Ọnà tí mo yà dọ́gba-dọ́gba á jẹ́ ínṣì 7 ní ìbú, á sì lé ní ínṣì 8 ní òòró. Kò sí bó ṣe máa wọ férémù yẹn láé.

Wọ́n gé fọ́nrán bíi mélòó kan lára etí aṣọ, wọ́n fi ẹ̀mú dì í mú lókè síńkì, wọ́n ṣáná sí i. Ojúlówó ọ̀gbọ̀ máa ń jó bí ìwé ni, eérú rẹ̀ á fẹ́lẹ́, á fọ́ mọ́ni lọ́wọ́. Tèmi sún kì, ó yọ́, ó sì dì sí kókó dúdú kan tó le bí òkúta. Pọ́líẹ́sítà ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Nígbà tí mo ki ìyókù bọ omi, sítáàṣì ṣí kúrò lára rẹ̀, aṣọ náà sì rọ̀ jọ̀wọ̀lọ̀ lọ́wọ́ mi.

Mo kọ̀wé sí olùtajà. Ó ní aṣọ ọ̀gbọ̀ kì í dọ́gba, pé bí Ọlọ́run ṣe dá a nìyẹn, pé tí ọwọ́ mi bá mọ́ ọn tán n ò ní ráhùn mọ́. Ẹ gbọ́ èyí dáadáa, torí òótọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀, òótọ́ yẹn ló sì fi ń bo irọ́ rẹ̀. Fọ́nrán ọ̀gbọ̀ kì í nípọn bákan náà lóòótọ́. Kó fi ẹyọ kan yàtọ̀ nínú ínṣì kan, ó lè ṣẹlẹ̀, mi ò ní bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn. Àmọ́ 32 sí 27? Aṣọ tó bá rí bẹ́ẹ̀ kì í ṣe aṣọ cross stitch, kí wọ́n fi rán ìrọ̀rí.

Ó tún ní aṣọ tí òun bá ti gé kò ṣe é dá padà. Irọ́ ni. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, òfin ẹ̀tọ́ oníbàárà ti ọdún 2015 fún wa ní ọjọ́ 30 láti kọ ọjà tí kò bá bá ohun tí wọ́n sọ nípa rẹ̀ mu, kí a sì gba gbogbo owó wa. Gígé tí wọ́n gé e kò pa ẹ̀tọ́ yẹn rẹ́. Ọjọ́ 26 lẹ́yìn tí aṣọ dé ni mo kọ̀wé. Bí mo bá tún fi ọ̀sẹ̀ kan sí i máa bá ojú ara mi jà, ọjọ́ á ti kọjá. £19 tí mo fi káàdì san, báńkì ti gba ẹ̀sùn mi lórí rẹ̀, wọ́n ṣì ń wádìí. £35 tí mo fi ránṣẹ́ tààrà, wọ́n ní níwọ̀n ìgbà tí ọjà ti dé ọwọ́ mi, ọ̀rọ̀ èmi àti olùtajà ni. Mo ti fi owó ara mi san ti àwọn àbúrò yẹn padà, èmi ni mo júwe ibẹ̀ fún wọn. Mo sì ti pe Citizens Advice, àjọ tó ń gba aráàlú nímọ̀ràn, àwọn ló ń gbé irú ẹ̀sùn báyìí dé ọ̀dọ̀ Trading Standards, àwọn aláṣẹ tó ń mójú tó àwọn oníṣòwò. Torí pé ọ̀rọ̀ náà ṣì wà lọ́wọ́ báńkì ni mi ò ṣe dárúkọ ṣọ́ọ̀bù náà.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe rèé. Kí ẹ tó sanwó, ẹ béèrè àwòrán aṣọ tí wọ́n máa gbé fún yín gan-an, kí wọ́n gbé rúlà lé e ní ìbú, kí wọ́n tún gbé e lé e ní òòró. Oníṣòwò gidi á yà á fún yín láìjanpata. Ẹ bi wọ́n pé ta ló hun ún, kí sì ni wọ́n fi hun ún. "32" nìkan kò tó. Pé aṣọ kò ní etí kì í ṣe ẹ̀rí pé ayédèrú ni, torí wọ́n lè gé ègé kékeré láti àárín. Àmọ́ ẹni tó fi etí hàn nínú àwòrán tó wá gé gbogbo etí kúrò kó tó fi ránṣẹ́, ó ní nǹkan tó ń fi pamọ́. Káàdì ni kí ẹ fi sanwó, ẹ̀dínwó yòówù kí wọ́n ṣe fún yín. Tó bá sì dé, ẹ ka ínṣì méjì ní ìbú, ẹ ka ínṣì méjì ní òòró, kí ẹ tó fọ̀ ọ́, kí ẹ tó fi ọ̀bẹ tàbí sísọ́ọ̀sì kàn án.

Mi ò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí lé ẹnikẹ́ni padà sórí Aida o. Iṣẹ́ orí ọ̀gbọ̀ dára débi pé ẹ ó máa fọwọ́ pa á. Bí ẹ̀rù bá ń bà yín, ẹ kọ́kọ́ ra aṣọ onífọ́nrán 28 nínú ínṣì kan tí kì í ṣe ọ̀gbọ̀, irú Brittney Lugana tí wọ́n fi òwú àti viscose hun. Fọ́nrán rẹ̀ dọ́gba, bí ẹ bá sì gùn lé méjì-méjì, sítíìṣì 14 inú ínṣì tí ojú yín ti mọ̀ náà ni. Abẹ́rẹ́ nọ́ńbà 26 ni kí ẹ lò. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sítíìṣì àkọ́kọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí fọ́nrán òòró ti gba orí ti ìbú kọjá. Bí ẹ bá ṣi fọ́nrán kan kà, ẹ ó tètè rí i.

Mo ti ra Belfast tuntun, mo fi ẹsẹ̀ ara mi lọ sí ṣọ́ọ̀bù ni, mo sì kà á lórí káńtà níṣojú ẹni tó tà á fún mi: 64 ní ìbú, 64 ní òòró. Òpó méjì ti dúró, ṣíbí kan sì rí róbótó. Ẹ̀yin tí aṣọ dé ọwọ́ yín láàárín oṣù yìí, ẹ gbé rúlà lálẹ́ òní kí ọjọ́ 30 tó pé. Bí ìbú àti òòró kò bá dọ́gba, ẹ fi iye méjèèjì ránṣẹ́ sí mi, mo fẹ́ kó gbogbo rẹ̀ jọ fún Citizens Advice.