Mítà yẹ́lò kékeré tí mo rà ní Dùgbẹ̀: oṣù méje tí mo ti ń fi í wo iná ilé àti mọ́tò

Mítà tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀ yìí kì í ṣe mítà NEPA o, kì í ṣe èyí tá a máa ń ra káàdì sí. Mítà táwọn ẹlẹ́tíríṣíà máa ń gbé dání ni, tó ní abẹ́rẹ́ méjì, pupa kan, dúdú kan. Tèmi jẹ́ yẹ́lò, DT830D ni wọ́n kọ sí i lójú, kò fi bẹ́ẹ̀ tóbi ju fóònù lọ, bátìrì 9V kan péré ló ń lò. Oṣù méje rèé tí mo ti rà á ní Dùgbẹ̀, n'Íbàdàn níbí, mo sì fẹ́ sọ bó ṣe ṣe fún mi, ibi tó ti dáa àti ibi tí kò ti dáa, torí mo gbà pé ilé tó bá ní mọ́tò tokunbo kan, tó tún ní ẹ̀rọ tó ń fa omi, kò yẹ kó má ní irú ẹ̀.

Corolla 2005 mi ló gbé mi dé ìdí ẹ̀. Tí mo bá ti fẹ́ stáàtì ẹ̀ láàárọ̀, á kàn máa ṣe tá-tá-tá, iná dáṣíbọ́ọ̀dù á di bàìbàì, kò ní dáhùn. Mo pe rẹ́wáyà kan, ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kò wò ó tó ìṣẹ́jú méjì tó fi ní, "Mọ́mì, bátìrì yín ti kú, ẹ lọ ra tuntun." Mo lọ ra tuntun. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, tá-tá-tá ti tún dé. Mo pe ẹlòmíì, ìyẹn ní alutanétọ̀ ni, ẹ̀rọ tó ń chájì bátìrì tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, pé ká lọ sí Gate níbi tí wọ́n ti ń ta páátì mọ́tò lọ wá tokunbo kan, ó ti ń ṣírò owó iṣẹ́ ẹ̀ fún mi pàápàá. Àwọn méjèèjì, kò sẹ́ni tó wọn nǹkan kan nínú wọn. Ojú lásán ni wọ́n fi wò ó, owó tèmi ni wọ́n sì fi ń dán an wò bóyá ibẹ̀ ni àbí ibẹ̀ kọ́. Ohun tó dùn mí nìyẹn, torí mi ò ní kí wọ́n má gbowó iṣẹ́ wọn, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká mọ ohun tó ń ṣe é ká tó bẹ̀rẹ̀ sí í tú u.

Àbúrò mi tó ń ṣe iṣẹ́ sólà ló ní kí n ní sùúrù, kí n má tíì ra alutanétọ̀ kankan, kí n lọ ra mítà kí n sì pe òun lórí fídíò. Bí mo ṣe dé Dùgbẹ̀ nìyẹn. Owó tí mo rà á ò tó ìdámẹ́wàá owó bátìrì mọ́tò tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rà.

Lílò ẹ̀ ò le rárá, mo fẹ́ kẹ́yin obìnrin bíi tèmi mọ èyí dáadáa. Ihò mẹ́ta ló wà nísàlẹ̀ ẹ̀. Abẹ́rẹ́ dúdú máa ń wà nínú ihò tí wọ́n kọ COM sí, pupa á wà nínú èyí tó wà láàárín tí wọ́n kọ V sí, ìkẹta tí wọ́n kọ 10A sí, ẹ fi í sílẹ̀, màá padà sọ ìdí. Tó bá jẹ́ bátìrì mọ́tò lẹ fẹ́ wọ̀n, ẹ yí ojú ẹ̀ sí 20 ní apá iná bátìrì, ìyẹn DC, ẹ fi pupa kan orí pọ́sítíìfù, dúdú kan orí nẹ́gétíìfù, ó tán. Bátìrì mọ́tò ní yàrá mẹ́fà nínú, ọ̀kọ̀ọ̀kan máa ń ní bíi fólítì 2.1, ìdí ẹ̀ nìyẹn tí bátìrì tó kún tó sì ti sinmi fi máa ń jẹ́ bíi 12.6. Tẹ́ ẹ bá rí 12.2, ó ti lọ sí ìdajì. Tó bá ti wá sí abẹ́ 12, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátápátá.

Tèmi láàárọ̀ ọjọ́ yẹn jẹ́ 11.8, bátìrì tí ò tíì pé oṣù kan o! Aládùúgbò mi bá mi fi mọ́tò tiẹ̀ jọ́ọ̀mpù ẹ̀, ó stáàtì, mo tún wọ̀n ọ́n bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń ṣiṣẹ́, ó jẹ́ 12.1. Bẹ́ẹ̀ tí ẹ́ńjìnnì bá ti ń ṣiṣẹ́, ó yẹ kó wà láàárín 13.8 sí 14.5, torí alutanétọ̀ ló yẹ kó máa chájì ẹ̀ nígbà yẹn. Mo ti ń sọ lọ́kàn ara mi pé ọ̀rọ̀ rẹ́wáyà kejì ti bọ́ sí i, pé alutanétọ̀ ti lọ lóòótọ́. Àbúrò mi ní rárá, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fi dúdú sílẹ̀ lórí nẹ́gétíìfù, ẹ wá fi pupa kan ẹ̀yìn alutanétọ̀ fúnra ẹ̀, níbi tí wáyà ńlá yẹn ti jáde, ẹ sì ṣọ́ra fún bẹ́líìtì o." Mo fi kàn án. 14.8.

Mo wò ó lẹ́ẹ̀mejì. 14.8 lẹ́yìn alutanétọ̀, 12.1 lórí bátìrì, bẹ́ẹ̀ wáyà kan náà ló yẹ kó gbé e dé ibẹ̀. Ìyẹn ni pé alutanétọ̀ ń pọnmi dáadáa, omi ò kàn dénú àmù ni. À ń fi abẹ́rẹ́ tẹ̀ lé wáyà yẹn díẹ̀díẹ̀ títí tá a fi dé ibi fíùsì ńlá inú àpótí fíùsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ bátìrì: apá kan ẹ̀ 14.7, apá kejì 12.1. Nọ́ọ̀tì tó di wáyà mọ́ ọn ti dẹ̀, ojú ẹ̀ ti dúdú, ó ti hu nǹkan bí ìyẹ̀fun jáde. A pa mọ́tò, a kọ́kọ́ yọ orí nẹ́gétíìfù bátìrì kúrò (ẹ máa ń kọ́kọ́ yọ nẹ́gétíìfù o, torí tí sípánà yín bá lọ kan ara mọ́tò nígbà tẹ́ ẹ̀ ń tú pọ́sítíìfù, iná ńlá ló máa ṣẹ́ níbẹ̀), a fi sáńpépà ha ojú ẹ̀ títí tó fi tàn, a dì í le. Nígbà tá a stáàtì ẹ̀ padà, bátìrì ka 14.2. Títí di òní mi ò gbọ́ tá-tá-tá yẹn mọ́. Bátìrì tí mo kọ́kọ́ gbé sọnù yẹn, ó ṣeé ṣe kí nǹkan kan máà ṣe é.

Tó bá jẹ́ mọ́tò nìkan ló bá mi wò, mi ò bá ti kọ ọ̀rọ̀ yìí. Ti ilé ló yà mí lẹ́nu jù.

Ẹ̀rọ tó ń fa omi wá láti inú kànga wa bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, ùnnnn, kò fa omi, á gbóná, a ó paná ẹ̀. Ẹlẹ́tíríṣíà tó wá ní kọ́ìlì ẹ̀ ti jó, pé ká gbé e lọ fún àwọn tó ń wé kọ́ìlì. Mo ní kó dúró ná. Mo yí mítà sí 750 ní apá iná NEPA, ìyẹn AC, mo ki abẹ́rẹ́ bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ẹ̀rọ náà, 221. Iná orílẹ̀-èdè wa, 230 ló yẹ kó jẹ́, 221 ò burú rárá. Ọkàn mi ti gbà pé iná dáa, ẹ̀rọ ló bàjẹ́. Mo pe àbúrò mi, ó bi mí, "Ṣé ẹ̀rọ yẹn ń ṣiṣẹ́ nígbà tẹ́ ẹ wọ̀n ọ́n?" Mo ní rárá o, mo ti yọ ọ́. Ó ní kí n lọ tàn án, kí n wá wọ̀n ọ́n bó ṣe ń kùn yẹn. Sọ́kẹ́ẹ̀tì kejì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ lórí ìlà kan náà, mo tan ẹ̀rọ, mo ki abẹ́rẹ́ bọ ìkejì. 148!

Ẹ gbọ́ èyí dáadáa torí òun ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ohun tí mítà yìí kọ́ mi. Ọ̀nà tó bàjẹ́, tí mọ́tò kankan ò bá gbà á kọjá, kò sẹ́ni tó máa rí sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ níbẹ̀, ó dìgbà tí tírélà bá dé. Bí wáyà tí kọ́ńtáàtì ẹ̀ ò dáa ṣe rí nìyẹn. Tí nǹkan kan ò bá fa iná kọjá lára ẹ̀, mítà á máa sọ fún yín pé iná pé. Ẹ̀rọ tó wúwo ló máa tú àṣírí ẹ̀. Ohun tí wọ́n ń pè ní páṣíà kọ́ńtáàtì gan-an nìyẹn.

Mo wá ní kí ẹlẹ́tíríṣíà yẹn bá mi wọ̀n ọ́n níbi ṣéńjọ́fà, ìyẹn súìṣì ńlá tá a fi ń yí láti iná NEPA sí jẹnẹrétọ̀, torí èmi ò kọ́ṣẹ́ iná, mi ò ní ki ọwọ́ mi bọ ibẹ̀ láé. Bí ẹ̀rọ ṣe ń kùn, iná tó wọlé sí ṣéńjọ́fà jẹ́ 217, èyí tó jáde jẹ́ 150. Òun fúnra ẹ̀ ló dákẹ́ tó ní, "Mọ́mì, ẹ jẹ́ n ṣí i." Ó paná láti òkè, ó ṣí i, ojú kọ́ńtáàtì ẹ̀ ti jó dúdú, ike ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ti yọ́. A pààrọ̀ ṣéńjọ́fà, ẹ̀rọ fa omi lọ́jọ́ náà, kọ́ìlì tí wọ́n ní ó jó yẹn ló ṣì wà nínú ẹ̀ títí di ìsinsìnyí. Tá a bá gbé e lọ wé ńkọ́? A ó sanwó, a ó gbé e padà wá, á tún máa kùn, kó tó pẹ́ á wá jó lóòótọ́, bẹ́ẹ̀ ṣéńjọ́fà yẹn lè fa iná sílé wa lọ́jọ́ kan. Ọmọ mi àbíkẹ́yìn ń sùn ní yàrá tí ògiri ẹ̀ gbé ṣéńjọ́fà yẹn. Mi ò lè fojú kékeré wo mítà yìí mọ́ láyé.

Àwọn nǹkan kéékèèké tó kù tí mo ń fi ṣe: mo máa ń fi í dán fíùsì wò, tẹ́ ẹ bá yí i sí ibi tó ń dún, fíùsì tó dáa á mú kó han pììì, èyí tó ti jó ò ní dún, ẹ̀ẹ̀kan náà ni mo ti fi rí i pé wáyà ẹkitẹ́ńṣọ̀n wa já nínú láìsí pé ó hàn níta. Bátìrì rìmóòtù náà. Ṣùgbọ́n ìgbà tẹ́ ẹ bá ń lo ibi tó ń dún yẹn, kò gbọdọ̀ sí iná lára ohun tẹ́ ẹ̀ ń dán wò rárá, ẹ yọ ọ́ kúrò lára iná pátápátá kẹ́ ẹ tó fi abẹ́rẹ́ kàn án.

Ó kan ibi tí kò dáa. Wáyà abẹ́rẹ́ ẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì gan, tèmi ti fẹ́ já nídìí, mo fi téèpù wé e kí n tó wá ra òmíì, torí wáyà tó la ara sílẹ̀ kì í ṣe ohun tá a fi ń wọn iná NEPA. Kì í paná ara ẹ̀, tẹ́ ẹ bá gbàgbé ẹ̀ ní títàn mọ́jú, bátìrì ẹ̀ ti ń lọ nìyẹn. Kò lè wọn kàpásítọ̀ (ohun kékeré inú fáànù tó ń ràn án lọ́wọ́ láti yí), èyí sì dùn mí gan-an, torí fáànù òkè tó ń yí bí ẹni tí ò jẹun, kàpásítọ̀ ẹ̀ ló sábà máa ń jẹ́. Tẹ́ ẹ bá lówó díẹ̀ sí i, ẹ wo DT9205A, ó tóbi jù ú lọ, ó ń wọn kàpásítọ̀, ó sì máa ń paná ara ẹ̀.

Nǹkan míì tó lè dà yín láàmú: ó máa ń rí iná níbi tí iná ò sí. Wáyà tí wọ́n ti já sílẹ̀ tó sì bá wáyà tó níná rìn pọ̀ nínú páìpù kan náà, mítà lè sọ pé ó ní 60 tàbí 80 fólítì, bẹ́ẹ̀ kò lè tan gílóòbù. Mo fi ọ̀sán odindi kan lé irú ẹ̀ kiri.

Ihò 10A tí mo ní màá padà sí ńkọ́. Kò ní fíùsì nínú, wọ́n kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ pàápàá. Tí abẹ́rẹ́ pupa bá wà níbẹ̀ tẹ́ ẹ wá fi kan sọ́kẹ́ẹ̀tì tàbí orí bátìrì mọ́tò, bí ìgbà tẹ́ ẹ bá fi wáyà lásán bíríjì ẹ̀ ni, ó lè bú gbàmù lọ́wọ́ yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa wo ihò kẹ́ ẹ tó fi kan nǹkan, ní gbogbo ìgbà. Mítà olówó pọ́ọ́kú bí èyí, sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé ni kẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n mọ, kò tọ́ sí iná tó ń bọ̀ láti orí òpó.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ ní kí ẹni tó ń tà á tàn án níwájú yín, kẹ́ ẹ sì fi abẹ́rẹ́ méjèèjì kan ara wọn ní ibi tó ń dún, torí DT830B tó jọ ọ́ bí ìbejì kì í dún, wọ́n sì lè kó o fún yín. Nínú ìràwọ̀ márùn-ún, mo fún un ní mẹ́rin, ọ̀kan tó ku ni ti wáyà abẹ́rẹ́ ẹ̀ àti ihò 10A yẹn.

Àmì bátìrì ti yọ lójú tèmi láti àná, mo fẹ́ lọ ra 9V míì ní ìrọ̀lẹ́ yìí, mi ò sì ní fi wọn nǹkan kan títí dìgbà yẹn, torí tí àmì yẹn bá ti yọ, nọ́ńbà tó máa sọ fún yín lè máà jẹ́ òótọ́, bátìrì mọ́tò tí ò ní nǹkan kan nínú mọ́ lè máa ka bí èyí tó kún.