Inkscape lẹ́nu iṣẹ́: ohun tó mú mi dúró tì í, àti ibi tó ti ń bí mi nínú

Ẹni tó bá béèrè sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́ tó lè fi ya lógò, Inkscape ni wọ́n máa kọ́kọ́ dárúkọ fún un. Òun náà lèmi ń lò, ó sì ti pẹ́. Kì í ṣe pé ojú rẹ̀ wuni o. Bọ́tìnnì kún ibẹ̀ bámúbámú, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé á wá ohun tó ń wá títí ni. Fáìlì tó ń ṣe ni mo torí ẹ̀ dúró tì í.

SVG lorúkọ fáìlì náà. Ọdún 2001 ni àjọ W3C, tó ń ṣètò ìlànà wẹ́ẹ̀bù, ti fọwọ́ sí i, gbogbo bùráúsà òde òní ló sì ń ṣí i. Ọ̀rọ̀ lásán ló wà nínú rẹ̀: mo lè fi Notepad ṣí lógò kan, kí n wá ibi tí #000000 wà, kí n fi #c00000 rọ́pò rẹ̀. Ohun tó dúdú tẹ́lẹ̀ á di pupa, láì tilẹ̀ ṣí Inkscape rárá. Mo ti lo sọ́fítíwíà mìíràn rí tó rọrùn ju Inkscape lọ dáadáa, inú bùráúsà ló ti ń ṣiṣẹ́. Ọjọ́ tí wọ́n ní ọ̀fẹ́ ti tán, iṣẹ́ mi há mọ́ wọn lọ́wọ́, nítorí irú fáìlì tiwọn nìkan ni mo fi pa á mọ́. Látìgbà náà, kí n tó wo ohunkóhun mìíràn lára sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́, mo máa ń wo bí mo ṣe máa kó ẹrù mi jáde.

Ohun tó máa ń ya ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lẹ́nu ni Trace Bitmap, tó ń sọ fọ́tò di vector, ìyẹn àwòrán onílà. Ó dára lókèèrè. Ẹ yan àwòrán náà, kẹ́ ẹ tẹ N kí nóòdù ara rẹ̀, àwọn àmì kéékèèké tó ń darí ìlà, lè hàn: wọ́n á bo ìlà náà bí eèrà ṣe ń bo ṣúgà. Bẹ́ ẹ bá fi Ctrl+L dín wọn kù, wọ́n á dín kù lóòótọ́, ṣùgbọ́n igun tó mú ṣáṣá á di roboto, ẹsẹ̀ lẹ́tà á sì wọ́. Èmi máa ń gbé fọ́tò sí layer (ìpele àwòrán) ìsàlẹ̀, màá jẹ́ kó ṣá díẹ̀, màá tì í pa kó má baà máa yẹ̀, màá wá tẹ B láti mú gègé ìyàwòrán, màá fọwọ́ ara mi ya ìlà lé e. Nóòdù 4 ti tó òbìrí kan. Ẹni tó bá fi 30 ya á, gbágungbàgun ló máa rí.

Shape Builder tó bá ẹ̀dà 1.3 dé lọ́dún 2023 náà dùn ún lò: ẹ fa máòsì kọjá lórí àwọn ègé tẹ́ ẹ fẹ́ kó so pọ̀, ó parí.

Àwọn yòókù ńkọ́? LibreOffice Draw dára fún àpótí àti ọfà tó so wọ́n pọ̀, kì í ṣe fún lógò. Krita ní layer vector, àmọ́ ti ayàwòrán tó ń lo búrọ́ọ̀ṣì ni. Penpot ló yẹ ẹni tó ń ya ojú áàpù pẹ̀lú àwọn ẹlòmíràn.

Ní ti Inkscape fúnra rẹ̀, blur, tó ń mú kí àwòrán rí bàìbàì bí òjìji, lọ́tá rẹ̀. Bí òjìji bá ti pọ̀ nínú iṣẹ́, ó máa ń wọ́ tuuru. Mo máa ń lọ sí View, kí n yan No Filters, tó ń fi blur pa mọ́ lójú, títí màá fi ṣe tán. Bẹ́ ẹ bá sì fi fáìlì ránṣẹ́ sẹ́ni tí kò ní fọ́ǹtì yín, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ á yí padà. Ẹ lo Object to Path, tó ń sọ ọ̀rọ̀ di ìlà, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ fi ẹ̀dà kan pa mọ́, torí lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ò lè tún ọ̀rọ̀ náà tẹ̀ mọ́.

Èyí tó ń bí mi nínú jù ni CMYK, àwọ̀ mẹ́rin tí wọ́n fi ń tẹ̀wé. Àwọ̀ RGB, ti ojú kọ̀ǹpútà, ni Inkscape fi ń ṣiṣẹ́, bí atẹ̀wé bá sì ti ní CMYK lòun fẹ́, Scribus, sọ́fítíwíà tí wọ́n fi ń to ìwé fún títẹ̀, ló kù, ọ̀fẹ́ lòun náà. Ó ń ṣí SVG, ó sì ń yọ PDF tó ní CMYK jáde. Àmọ́ òjìji tó ní blur kì í bá a dé ibẹ̀, ẹ yọ ọ́ kúrò kẹ́ ẹ tó gbé iṣẹ́ lọ.