Ilé gíláàsì alángbá onírùngbọ̀n ní Abẹ́òkúta: àgbéyẹ̀wò ẹni tó rà á

Ohun tí mo ń gbé yẹ̀ wò níbí ni odindi ẹrù tí àwọn oníṣòwò máa ń tà pọ̀ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra alángbá onírùngbọ̀n, èyí tí àwọn tó ń sìn ín ń pè ní bearded dragon: ilé gíláàsì tó ní ìdérí nẹ́ẹ̀tì onírin, gílóòbù tó ń mú ooru jáde, gílóòbù kékeré tó lọ́ bí okùn tó ń mú UVB jáde (irú ìtànṣán oòrùn kan tí ojú wa kò lè rí), àpò yanrìn, ike oúnjẹ gbígbẹ, àti tẹmọ́mítà tí a ń lẹ̀ mọ́ ara gíláàsì. Èkó ni wọ́n ti fi ránṣẹ́ sí mi ní Aṣerò, kò sì sí ohun tó fọ́ nínú rẹ̀. Mo ti lò ó la ìgbà òjò àti ọyẹ́ kọjá kí n tó jókòó kọ èyí. Ìdájọ́ mi ni pé ìlú tí òtútù ti ń pa ẹranko ni ẹni tó kó ẹrù yìí jọ ní lọ́kàn. Kò ro ti Abẹ́òkúta, níbi tó jẹ́ pé ọ̀rinrin àti iná mànàmáná tó ń lọ tó ń bọ̀ ni ìṣòro wa.

Àárín gbùngbùn ilẹ̀ Ọsirélíà, níbi tí ilẹ̀ ti gbẹ, ni irú alángbá yìí ti ṣẹ̀ wá. Ó nílò ìhà kan tó gbóná tó dígírì 38 sí 42 lábẹ́ gílóòbù, àti ìhà kejì tí kò ju nǹkan bíi dígírì 29 lọ, nítorí pé kò lè dá ooru ara rẹ̀ ṣe. Ṣíṣí láti ìhà kan sí èkejì ló fi ń tún ara rẹ̀ ṣe. Ilé tí wọ́n fi ránṣẹ́ kò gùn ju 60 sẹ̀ǹtímítà lọ. Ní ọ̀sán oṣù Ẹrẹ́nà, nígbà tí inú yàrá fúnra rẹ̀ ti gbóná, gbogbo inú àpótí náà a máa gbóná dọ́gba, kò sì sí ìhà tútù kankan mọ́. Bẹ́ẹ̀ sì ni alángbá náà, bó bá dàgbà tán, máa ń gùn tó 45 sí 60 sẹ̀ǹtímítà láti imú dé òpin ìrù, tí kò fi ní rí àyè yíjú padà.

Nígbà òjò ni àléébù kejì yọjú. Gíláàsì kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ kọjá, ọ̀rinrin a sì jókòó sínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìdá 30 sí 40 nínú ọgọ́rùn-ún ni ìwọ̀n ọ̀rinrin tó bá ẹranko yìí lára mu jù. Èyí tó bá pọ̀ jù tó sì pẹ́ lè fa àìsàn ẹ̀dọ̀fóró. N kò retí pé kí ilé kankan ní Abẹ́òkúta dé ìwọ̀n yẹn nínú oṣù Agẹmọ, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ kọjá sàn ju èyí tó há sínú àpótí lọ. Nítorí náà ni káfíńtà àdúgbò fi bá mi kan òmíràn: 120 sẹ̀ǹtímítà ní gígùn, 60 ní fífẹ̀, 60 ní gíga, pákó lẹ́yìn àti nílẹ̀, nẹ́ẹ̀tì onírin ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, gíláàsì níwájú nìkan. Owó pákó àti owó iṣẹ́ pa pọ̀ kò tó ohun tí wọ́n gbà fún àpótí gíláàsì. Mo gbé òkúta pẹlẹbẹ tí a fọ̀ dáadáa sí abẹ́ gílóòbù, òkúta tí kò ná mi ní kọ́bọ̀, nítorí a kì í wá òkúta tì ní ìlú yìí. Bí iná bá lọ lójijì, òkúta náà a ṣì di ooru mú fún ìgbà díẹ̀, alángbá a sì tẹ́ ikùn lé e. Ìyá àgbà kan tí a jọ ń gbé inú ọgbà bi mí pé kí ló dé tí mo fi ń kọ́lé fún alángbá nígbà tí àwọn tó wà lára ògiri àwọn ń gbé lọ́fẹ̀ẹ́. N kò rí èsì gidi fún wọn, pàápàá tó jẹ́ pé ẹbí kan náà, Agamidae, ni alángbá ara ògiri wa àti èyí tí mo sanwó rẹ̀.

Gílóòbù UVB ni mo ní ẹjọ́ tó pọ̀ jù láti rò lórí rẹ̀. Ìtànṣán yìí ni awọ alángbá fi ń ṣe fítámínì D3, èyí tó ń jẹ́ kí ara rẹ̀ lè gba kálísíọ̀mù inú oúnjẹ. Bí kò bá rí i, egungun rẹ̀ á rọ̀, àgbọ̀n rẹ̀ á wú, ẹsẹ̀ rẹ̀ á sì wọ́. Gílóòbù kékeré inú páálí kì í tàn kọjá ojú kan. Èyí tó gùn bí ọ̀pá, tí a kọ ìdá 10 tàbí 12 nínú ọgọ́rùn-ún sí lára, ló yẹ kí wọ́n fi sí i. Ìwé tó bá a wá kò sọ pé ìtànṣán náà máa ń tán díẹ̀díẹ̀ nígbà tí ìmọ́lẹ̀ ṣì ń tàn bí ọjọ́ tí a rà á, tí a fi ní láti pààrọ̀ rẹ̀ láàárín oṣù 6 sí 12 gẹ́gẹ́ bí irú rẹ̀ bá ṣe rí. Kò sì sọ pé nẹ́ẹ̀tì ìdérí lè gba nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta lára rẹ̀.

Oòrùn tiwa kò ní irú ìṣòro bẹ́ẹ̀, kò sì sí ẹni tó lè mú iná rẹ̀ lọ. Àgò onírin kékeré ni mo ń gbé alángbá náà sí láàárọ̀ kí oòrùn tó mú, mo sì ń fi aṣọ bo ìlàjì rẹ̀ kó lè rí ibòji sá sí. Àpótí gíláàsì kò ṣeé gbé síta rárá, nítorí pé gíláàsì ń dí UVB lọ́nà, ó sì ń há ooru mọ́nú títí tí yóò fi pa ẹranko. Ẹni tó bá gbé e síta kò sì gbọ́dọ̀ kúrò nítòsí: adìẹ lè ṣá a lójú, ológbò ń ṣọ́ ọ, ìjàlọ kì í sì í kéde kó tó dé.

Ní ti oúnjẹ, alángbá mi kò tilẹ̀ wo ike oúnjẹ gbígbẹ náà lẹ́ẹ̀mejì, nítorí ohun tó ń rìn ló ń fa ojú rẹ̀. Ọmọ kékeré lára wọn ń jẹ kòkòrò ju ewé lọ. Bó bá dàgbà, ewé ni kó gba iwájú. Ìrẹ̀ ni mo ń fún un jù, pẹ̀lú ìdin eṣinṣin dúdú tí àwọn kan ń sìn fún oúnjẹ adìẹ àti ẹja, nítorí kálísíọ̀mù inú rẹ̀ pọ̀ ju ti ọ̀pọ̀ kòkòrò lọ. Kòkòrò tó bá fẹ̀ ju àlàfo àárín ojú rẹ̀ méjèèjì lọ ti tóbi jù. N kì í fún un ní tata láti oko tí wọ́n ń fín oògùn sí, n kì í sì í jẹ́ kí tanná-tanná dé ẹnu rẹ̀, nítorí oró inú ẹyọ kan lè pa á. Ìrẹ̀ tí kò bá jẹ, mo ń kó o jáde kí ilẹ̀ tó ṣú, nítorí ìrẹ̀ a máa gé alángbá tó bá ń sùn jẹ. Ní ti ewé, ọjà Kútọ̀ tó mi: yánrin dára, mọ̀ríńgà àti elégédé tí a rin náà dára, a sì lè fi ìbẹ́pẹ kún un lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Tẹ̀tẹ̀ àti gbúre ló kún orí àtẹ jù, síbẹ̀ díẹ̀ ni mo ń fún un nínú wọn, nítorí èròjà oxalate inú wọn ń dè kálísíọ̀mù kí ara má baà rí i lò. Píà ní oró fún un, kí ẹ má dán an wò.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé kò sí ìyẹ̀fun kálísíọ̀mù nínú gbogbo ẹrù yìí, bẹ́ẹ̀ òun ni a gbọ́dọ̀ máa wọ́n sórí kòkòrò fún ọmọ alángbá ní ọ̀pọ̀ ọjọ́ nínú ọ̀sẹ̀. Yanrìn ni wọ́n rí àyè fún, ohun tí ọmọ alángbá lè gbé mì pọ̀ mọ́ oúnjẹ títí ìfun rẹ̀ á fi dí. Ìwé ìròyìn àtijọ́ tàbí táìlì sàn jù ú lọ. Tẹmọ́mítà náà kò wúlò, nítorí ooru ara gíláàsì ló ń sọ, kì í ṣe ti ibi tí ẹranko ń yáàrùn sí.

Kí ẹni tó bá fẹ́ rà á kọ́kọ́ béèrè ní ilé ìwòsàn ẹranko ti FUNAAB, yunifásítì ìmọ̀ iṣẹ́ ọ̀gbìn tó wà ní Àlábàtà, bóyá dókítà tó mọ̀ nípa alángbá wà níbẹ̀, kí gbogbo ilé sì máa fi ọṣẹ fọwọ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá fọwọ́ kàn án, nítorí kòkòrò àrùn Salmonella. Bí ẹni tó ń tà á bá gbà láti yọ yanrìn àti oúnjẹ gbígbẹ kúrò, kó fi ìyẹ̀fun kálísíọ̀mù àti ọ̀pá UVB rọ́pò wọn, ọjà náà tó rà fún ẹni tí alángbá rẹ̀ ṣì kéré. Bí kò bá gbà, gílóòbù ooru nìkan ni kí ẹ rà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì gbé owó tó kù lọ sọ́dọ̀ káfíńtà.