Live rock tí mo fi bẹ̀rẹ̀ táǹkì omi iyọ̀ n'Ìbàdàn: ohun tójú mi rí

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń bi mí látìgbà yìí wá pé ṣé live rock, òkúta òkun tó ní ohun alààyè nínú, tó owó tí wọ́n ń pè é, mo mọ̀ọ́mọ̀ dákẹ́ ni kó lè pé oṣù mẹ́sàn-án kí n tó sọ̀rọ̀, torí ẹni tó bá ń yin táǹkì omi iyọ̀, ìyẹn táǹkì ẹja òkun, lóṣù kìíní, kò tíì rí nǹkan kan. Ó ti pé báyìí. Ó tó owó ẹ̀ o, àmọ́ kì í ṣe bí àwọn tó ń tà á ṣe máa ń sọ ọ́.

Táǹkì mi gba lítà 200, àwọn tó ń gé gíláàsì ní Mọ́kọ́lá ló bá mi ṣe é. Ẹja omi odò ni mo ti ń sìn láti bí ọdún mẹ́rin, ọkàn mi ṣá wà lára àwọn ẹja òkun yẹn àti iyùn alààyè tó ń mì lẹ́gẹ́lẹ́gẹ́ nínú omi. Nígbà tí mo sọ nílé pé mo fẹ́ ra òkúta láti Èkó, ẹ̀gbọ́n mi bi mí pé ṣé òkúta wá wọ́n n'Ìbàdàn ni. Ìbéèrè yẹn dáa, ẹ jẹ́ kí n dáhùn ẹ̀. Òkúta tiwa níbí, akọ òkúta ni, omi ò lè wọnú ẹ̀, ara ẹ̀ níta nìkan lẹ máa rí lò. Live rock kì í ṣe òkúta bẹ́ẹ̀. Egungun iyùn tó ti kú lábẹ́ òkun ni, ẹfun ni gbogbo ara ẹ̀, ihò wẹ́wẹ́ sì kún inú ẹ̀ bíi kànìnkànìn. Inú àwọn ihò yẹn ni bakitéríà ń gbé. Àwọn tó wà níta tí afẹ́fẹ́ ń kàn ni wọ́n ń sọ amóníà, ìyẹn májèlé tó ń wá látara ìgbẹ́ ẹja àti oúnjẹ tó bàjẹ́, di nitrite, wọ́n á tún sọ nitrite di nitrate tí kò fi bẹ́ẹ̀ lè pa ẹja. Àwọn tó wà ní inú lọ́hùn-ún níbi tí afẹ́fẹ́ ò dé ni wọ́n á wá sọ nitrate náà di gáàsì tó máa bá afẹ́fẹ́ lọ. Ohun tẹ́ ẹ̀ ń sanwó fún nìyẹn o, àwọn tó ń gbé inú ilé, kì í ṣe ilé. Ọkùnrin kan ní Indonesia tó ń jẹ́ Lee Chin Eng ti tọ́jú táǹkì báyìí ní nǹkan bíi 1961, òkúta òkun àti afẹ́fẹ́ tó ń hó díẹ̀díẹ̀ ló lò, kò lo ẹ̀rọ ńlá kankan.

Ìṣirò àtijọ́ ni pé òkúta pọ́n-ùn kan sí méjì fún gálọ́ọ̀nù omi kan, táǹkì bíi tèmi á gbà tó kílò 24 ó kéré tán. Mi ò ra gbogbo ẹ̀ ní live rock, owó ẹ̀ ju agbára mi lọ. Kílò 12 ni mo rà ní live rock, mo ra kílò 14 ní òkúta iyùn gbígbẹ tí kò sí ohun alààyè kankan nínú ẹ̀, èrò mi ni pé ti alààyè á ran ti gbígbẹ. Síbẹ̀ owó kílò 12 yẹn ju owó táǹkì, pọ́ǹpù àti iná orí ẹ̀ lápapọ̀.

Ẹni tó tà á fún mi l'Ékòó ní tó bá kúrò lọ́dọ̀ òun láàárọ̀, á ti dé gáréèjì Challenge n'Ìbàdàn kó tó di ọ̀sán. Alẹ́ ọjọ́ kejì ni wọ́n tó pè mí láti gáréèjì pé kí n wá gbé ẹrù mi. Kúlà fóòmù ni wọ́n kó o sí, wọ́n fi ìwé ìròyìn tútù wé wọn ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Bí mo ṣe ṣí ìdérí ẹ̀ báyìí, òórùn tó jáde, bí ẹja tó ti ṣe ọjọ́ mẹ́ta nínú ọ̀rá ni. Ìwé ìròyìn yẹn ti gbẹ létí. Ikun funfun ti bo àwọn kan, ohun kan tó dà bíi kànìnkànìn lára ọ̀kan ti dúdú, bí mo ṣe fọwọ́ kàn án ló yọ́. Inú mi bà jẹ́ gan-an. Ìgbà tí mo wá gbé èyí tó tóbi jù sókè, akàn kan tí kò ju èékánná ìka ọwọ́ mi lọ rìn jáde látinú ihò, ó dúró, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè sí mi. Mo kàn wò ó ni. Nǹkan ṣì wà láàyè nínú ẹ̀.

Tó bá jẹ́ pé mo kó wọn sínú táǹkì lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ó parí nìyẹn. Ẹ má ṣe é láéláé. Òkúta tó bá ti rin irú ìrìn yẹn, ohun tó kú lára ẹ̀ pọ̀, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jẹrà tán níbòmíì. Dírọ́ọ̀mù ni mo lò, mo po iyọ̀ táǹkì sínú omi títí òṣùwọ̀n iyọ̀ fi dé 1.025, bíi ti omi òkun, mo ki pọ́ǹpù sí i kí omi máa yí, mi ò tan iná sí i. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín ha gbogbo ohun tó ti kú kúrò, inú bọ́kẹ́ẹ̀tì omi iyọ̀ ni mo ti ń ha á o, omi ẹ̀rọ á pa èyí tó kù. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni mò ń pààrọ̀ ìdajì omi. Nígbà tí mo kọ́kọ́ yẹ amóníà wò, omi inú ìgò kékeré yẹn tó yẹ kó pupa rẹ́súrẹ́sú bí òróró, ṣe ló dúdú bí ọbẹ̀ ewédú. Ìyá àwọn ọmọ mi ní òun ò lè bá òórùn yẹn gbé, ó sì tọ́ sí i, mo gbé dírọ́ọ̀mù lọ ẹ̀yìn kíṣìnnì. Amóníà bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀ lọ́sẹ̀ kejì, nitrite gun òkè, òun náà wálẹ̀ lọ́sẹ̀ kẹrin, lọ́sẹ̀ karùn-ún méjèèjì di òdo, òórùn ẹ̀ ti di òórùn etí òkun lásán. Ìgbà yẹn ni mo tó kó wọn wọlé. Ẹja méjì àkọ́kọ́, clownfish, ọ̀sẹ̀ kẹjọ ni wọ́n wọ̀ ọ́, kò sí èyí tó kú nínú wọn títí dòní.

Omi ńkọ́? Mi ò lo omi bọ́ọ̀hò wa bẹ́ẹ̀ lásán. Mo ra ẹ̀rọ RO tó ń sẹ́ omi, torí ohunkóhun tó bá wà nínú omi yẹn, eèhọ̀ ló máa fi jẹun. Pẹ̀lú ẹ̀ náà ìdọ̀tí aláwọ̀ ilẹ̀ kan ṣì bo gbogbo òkúta lọ́sẹ̀ kẹfà, ẹ má bẹ̀rù tó bá ṣe tiyín, diatom ni wọ́n ń pè é, ìgbín òkun jẹ ẹ́ tán láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Ibi tí live rock ti ṣe kọjá ohun tí mo rò ni ọ̀rọ̀ iná. Nídìí ẹja omi odò, kánísítà ni mò ń lò, fíltà tí wọ́n dé pa tó máa ń wà nísàlẹ̀ táǹkì. Tí wọ́n bá mú iná lọ fún wákàtí bíi mélòó kan, omi ò lọ omi ò bọ̀ nínú ẹ̀, bakitéríà ibẹ̀ á lo afẹ́fẹ́ tó wà níbẹ̀ tán, wọ́n á máa kú, tí iná bá wá dé, òkú yẹn ló máa tú sínú táǹkì. Live rock ò ní ìdérí, àárín omi ló wà. Lóṣù kẹta tí mo bẹ̀rẹ̀ táǹkì náà, wọ́n mú iná lálẹ́ Fúráìdè, kò dé títí di ọ̀sán Sọ́ńdè, ínfátà mi kú láàjìn, epo ò sí nínú jẹnẹrétọ̀. Pọ́ǹpù afẹ́fẹ́ kékeré tó ń lo báàtìrì tọ́ọ̀ṣì méjì ni mo fi ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú ẹ̀, mo ń pààrọ̀ báàtìrì. Sọ́ńdè tí mo yẹ amóníà wò, òdo. Mo yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mejì kó lè dá mi lójú. Àmọ́ ẹ má fi pọ́ǹpù báàtìrì yẹn ṣeré o, òkúta náà ń mí, tí omi bá dúró gbagidi òun àti ẹja á jọ máa du afẹ́fẹ́ ni. Ooru náà wà níbẹ̀, táǹkì mi gun dígíríì 30.5, fáànù tí mo kọjú ẹ̀ sórí omi ló fà á wá sí 27.5, omi á sì máa fẹ́ lọ, omi tí kò níyọ̀ ni kẹ́ ẹ fi dí i torí iyọ̀ kì í bá a lọ.

Ẹ máa fi tọ́ọ̀ṣì wò ó lóru. Ẹ fi nálọ́ọ̀nù pupa bo ojú tọ́ọ̀ṣì, wọn ò ní sá. Aago méjì òru kan, mo rí kòkòrò gígùn kan tó ní irun funfun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara, bristleworm, ó ń jẹ oúnjẹ tí ẹja fi sílẹ̀, orí ẹ̀ nìkan ló yọ jáde. Ohun míì tún wà tó ń dún “kọ́, kọ́” nínú ihò, mi ò tíì rí ojú ẹ̀.

Ẹ̀gbin tó bá a wá ni Aiptasia, ẹranko kékeré aláwọ̀ ilẹ̀ tó dà bí òdòdó, tó ń ta iyùn. Mo fọwọ́ já ọ̀kan lọ́jọ́ àkọ́kọ́, láàárín ọ̀sẹ̀ kan ó di mẹ́rin, torí ẹyọ èyíkéyìí tó bá ṣẹ́kù á tún hù. Omi ọsàn wẹ́wẹ́ ni mo wá fi síríǹjì gún sí wọn lẹ́nu lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan. Wọ́n lọ, wọ́n tún ń yọjú ẹ̀ẹ̀kan lóṣù.

Ẹ béèrè ìwé CITES, ìwé àṣẹ àgbáyé fún títa ohun alààyè tó lè run, lọ́wọ́ ẹni tó bá ń tà á. Orílẹ̀-èdè Fiji tó ti ń kó o jáde tẹ́lẹ̀ fòfin dè é ní nǹkan bí ọdún 2018, èyí tí wọ́n sìn lókun ló dáa jù tẹ́ ẹ bá rí i.

Òkúta fúnra ẹ̀, mo fún un ní 9 nínú 10. Bí wọ́n ṣe kó o ránṣẹ́ sí mi, 3. Ti gbígbẹ tí mo kó tì í ti bẹ̀rẹ̀ sí í ní àwọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ àlùkò níbi tó ti fara kan ti alààyè, àmì kan ti wà lára gíláàsì ẹ̀yìn pàápàá, kò tó orí ìṣó. Mo fẹ́ ṣe táǹkì kejì lẹ́yìn ọdún, kílò 4 ti alààyè péré ni màá rà, ìyókù á jẹ́ gbígbẹ, inú omi ni màá sì ní kí wọ́n kó o sí, èmi fúnra mi ni màá fi mọ́tò lọ gbé e l'Ékòó.