Rédíò àti WhatsApp: Èwo Ni Kí Á Gbà Gbọ́?
Ní ọdún 2014, nígbà tí àrùn Ẹ̀bólà wọ Èkó, àtẹ̀jíṣẹ́ kan tàn ká orí fóònù pé kí àwọn ènìyàn fi omi iyọ̀ wẹ̀, kí wọ́n sì mu ún. Ó dunni pé àwọn kan mu ún tí wọ́n fi dèrò ilé ìwòsàn. WhatsApp yára ju rédíò lọ, kò sí àní-àní. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá ti kọjá lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn, ta ni a ó mú? Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí Bond FM 92.9 ní orúkọ tí ará Múṣin mọ̀ ọ́n sí, àjọ NBC tó ń bójú tó àwọn iléeṣẹ́ rédíò sì lè pe iléeṣẹ́ rẹ̀ wá jíhìn bí irọ́ bá jáde níbẹ̀. Ní ti ìlera, rédíò ni mo fara mọ́.