Ricoh GR III àbí Fujifilm X100VI: èwo ni kí ẹ rà fún yíya ìlú?

Ẹni tó bá fẹ́ máa ya ìlú ní fọ́tò, ì báà jẹ́ ìlú tó ń gbé tàbí èyí tó rìnrìn àjò lọ, kò ní pẹ́ tí yóò fi bá orúkọ méjèèjì yìí pàdé. Sensor APS-C (ohun tó ń gba ìmọ́lẹ̀ nínú kámẹ́rà, tó tóbi ju ti fóònù lọ) ló wà nínú àwọn méjèèjì, lẹ́ǹsì kan ṣoṣo tí kò ṣeé yọ ló sì wà lójú wọn. Ìyàtọ̀ wọn ló yẹ ká wò, torí kámẹ́rà tó dára jù nílé lè má dára jù lẹ́nu ìrìn àjò.

Nílé, èèyàn lè padà. Bí ojú ọ̀run ò bá dáa lónìí, ọ̀la wà. A ti mọ ògiri tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ máa ń kàn. Ní ìlú onílùú, ẹ̀ẹ̀kan péré la sábà máa ń gba òpópónà kan kọjá. Tí kámẹ́rà bá wà nísàlẹ̀ báàgì lásìkò yẹn, fọ́tò ti lọ.

| | GR III | X100VI |
|---|---|---|
| Ọdún tó jáde | 2019 | 2024 |
| Ìwúwo, pẹ̀lú bátìrì àti káàdì | 257 g | 521 g |
| Lẹ́ǹsì (bíi ti full-frame, ìyẹn sensor tó tóbi bíi fíìmù àtijọ́) | 28mm, f/2.8 | 35mm, f/2 |
| Megapixel | 24 | 40 |
| Ihò tí à ń fojú wò | kò sí | ó wà |
| Àsẹ́ ND inú rẹ̀ (ó ń dín ìmọ́lẹ̀ kù) | ìpele 2 | ìpele 4 |

Ìwúwo ni mo kọ́kọ́ ń wò. GR III wọ àpò ṣòkòtò. X100VI ò wọ̀ ọ́, ọrùn ni yóò máa gbé e kiri. GR III tún ní Snap Focus: ẹ ó ti sọ fún un ṣáájú pé mítà 2 ni, ẹ ó tẹ bọ́tìnnì wọlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì ní máa wá ohun tó máa fojú sí kiri. Láàárín èrò tó ń lọ tó ń bọ̀, mi ò rí ohun tó dà bí èyí.

Ní òpópónà tóóró, 28mm ń rí nǹkan bí dígírì 75, 35mm ń rí bí 63. Tí ilé bá ga, tí ẹ sì gbé lẹ́ǹsì sókè kó lè wọlé tán, ilé náà á dà bí ẹni ń ṣubú sẹ́yìn. 28mm dín gbígbé-sókè yẹn kù. Kọ̀ǹpútà lè tún un nà ró lẹ́yìn náà, àmọ́ yóò gé ẹ̀gbẹ́ fọ́tò kúrò, ibẹ̀ sì ni megapixel 40 ti wúlò: ẹ lè gé e kó ṣì pọ̀. Tó bá jẹ́ èèyàn tó dúró níwájú ilé lẹ ń yà, 35mm ni kí ẹ mú.

Alẹ́ ni X100VI ti gba ipò iwájú. f/2 ń gba ìmọ́lẹ̀ tó tó ìlọ́po méjì ti f/2.8. Fujifilm sọ pé kámẹ́rà náà ń dènà ọwọ́ gbígbọ̀n ní ìpele 6 (ìpele kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìlọ́po méjì), Ricoh sọ pé tiwọn jẹ́ 4. (Ọwọ́ yín nìkan nìyẹn ń mú dúró o, ẹni tó ń kọjá lọ kò ní hàn kedere.) Lásìkò tí ojú ọ̀run ṣì ní àwọ̀ búlúù tí iná ìlú sì ti tàn, àsẹ́ ìpele 4 ń jẹ́ kí 1/16 ìmọ́lẹ̀ nìkan wọlé, ìyẹn ló ń jẹ́ kí shutter (ìlẹ̀kùn tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé) ṣí pẹ́ tó kí iná ọkọ̀ fi di ìlà gígùn. Ti GR III ń jẹ́ kí 1/4 wọlé, kì í sábà tó. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ìdúró ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta nílẹ̀ òkèèrè: òkè Empire State Building ní New York, fún àpẹẹrẹ, kò gbà á.

Lábẹ́ iná LED, ẹ má lo shutter ẹlẹ́kítírónìkì ti X100VI, ìlà dúdú lè gba fọ́tò kọjá. Ní Yúróòpù, níbi tí iná mànàmáná ti jẹ́ 50 Hz, ẹ jẹ́ kí shutter ṣí fún 1/50 tàbí 1/100 ìṣẹ́jú àáyá. Ní Amẹ́ríkà, 1/60 tàbí 1/125.

GR III ní àléébù o. Kò dènà òjò, eruku lè ráàyè wọ orí sensor, bátìrì rẹ̀ kò sì ju nǹkan bí fọ́tò 200 lọ. Ẹ ra bátìrì mìíràn mọ́ ọn, inú báàgì àfọwọ́gbé lẹ ó kó o sí tẹ́ ẹ bá fẹ́ wọ ọkọ̀ òfúrufú. X100VI ń dé 450 tó bá jẹ́ ihò tí à ń fojú wò, irú èyí tí kò lo iná, lẹ lò. Àmọ́ kò lè fara da òjò díẹ̀ àfi tẹ́ ẹ bá ra òrùka àti àsẹ́ iwájú lẹ́ǹsì sí i.

Tó bá jẹ́ pé láti òkèèrè réré lẹ fẹ́ máa fa ilé gogoro mọ́ra, ẹ fi méjèèjì sílẹ̀, kí ẹ ra èyí tí lẹ́ǹsì rẹ̀ ṣeé pààrọ̀. Èmi ò jẹ́ gbé X100VI rìnrìn àjò tí GR III bá wà nílé. Fún ìlú tí mò ń gbé, X100VI ni. Kẹ́ ẹ tó náwó, ẹ fi fóònù dán bí lẹ́ǹsì méjèèjì ṣe ń rí wò: iPhone 15 Pro, bí àpẹẹrẹ, gbà kí ẹ tẹ 1x láti bọ́ sórí 28mm tàbí 35mm. Ẹ fi 28 nìkan ya ìlú fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ wá fi 35 nìkan yà á ní ọ̀sẹ̀ kejì.