Wísìkí Glenfarclas ọlọ́dún 15: ìgò tí mo fi ṣe ọjọ́ ìbí 70 Bàbá mi

Bàbá mi ń bọ̀ láti Ìjẹ̀bú-Òde wá sí Aberdeen, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n sì ti máa pé ẹni 70 ọdún. Àwa ọmọ ti fẹnu kò pé kò sí aago, kò sí bàtà lọ́tẹ̀ yìí. Wísìkí ni Bàbá fẹ́ràn: ife kékeré kan lálẹ́ Sátidé, wọn kì í sì í kọjá bẹ́ẹ̀. Èmi tí mò ń gbé ní Scotland ni wọ́n gbé ọ̀rọ̀ ìgò náà lé lọ́wọ́. "Ṣebí ìdí rẹ̀ gan-an lo wà," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. Ọ̀rọ̀ yẹn dẹ́rù bà mí, torí mo ti ṣi ọtí rà rí.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n ìyá mi fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, mo wọ ṣọ́ọ̀bù kan, mo ní kí wọ́n fún mi ní èyí tó dára jù. Wọ́n gbé ọ̀kan tó wọ́n gógó fún mi, nínú àpótí onígi. Bọ̀ọ̀dá fà á lẹ́ẹ̀kan, wọ́n sọ ife kalẹ̀, wọ́n ní, "Àbúrò, èéfín ni mò ń mu yìí o." Ọtí yẹn kò ní àbùkù kankan. Ọtí erékùṣù Islay, ní Scotland níbí, ni. Níbẹ̀, píìtì ni ọ̀pọ̀ wọn fi ń yan ọkà báálì gbẹ, ìyẹn ilẹ̀ àbàtà tí koríko ti jẹrà sí fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún, tí wọ́n gé, tí wọ́n sá, tí wọ́n sì ń fi dáná. Èéfín yẹn á wọnú ọkà, kò sì ní jáde mọ́ títí tó fi dénú ife. Lagavulin, Laphroaig àti Ardbeg ló gbajúmọ̀ jù nínú irú ọtí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ràn wọn kì í fẹ́ gbọ́ ti òmíràn, ṣùgbọ́n lẹ́nu Bọ̀ọ̀dá, omi ẹja yíyan ni. Ìgò ni mo wò nígbà yẹn, mi ò wo ẹni tó fẹ́ mu ún.

Torí náà, ẹnu Bàbá ni mo kọ́kọ́ wò. Dàbínù kì í tán lọ́dọ̀ wọn. Kéèkì dúdú ọjọ́ Kérésì, èyí tí èso gbígbẹ kún inú rẹ̀, àwọn nìkan lè jẹ ìdajì. Bí ìrẹsì bá sì jóná díẹ̀, wọn kò ní fẹnu kàn án. Ẹni tó bá ní irú ẹnu yìí, wísìkí inú àgbá ṣẹ́rì ló máa bá a lára mu. Wáìnì ilẹ̀ Sípéènì ni ṣẹ́rì. Àgbá tó bá ti gbà á sínú rí máa ń fi adùn èso gbígbẹ sílẹ̀ fún wísìkí tí wọ́n bá rọ sí i lẹ́yìn náà. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọjú sí Speyside, agbègbè odò Spey.

Ṣùgbọ́n mo kọ́kọ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka ara ìgò. Òfin tí wọ́n ṣe lọ́dún 2009 sọ pé kò sí ọtí tó gbọ́dọ̀ jẹ́ Scotch, ìyẹn wísìkí ilẹ̀ Scotland, bí kò bá gbé inú àgbá igi óákù, ní ilẹ̀ Scotland, fún ọdún 3 ó kéré tán, agbára rẹ̀, ìyẹn ìwọ̀n ọtí líle tó wà nínú rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ dín sí 40%. Nọ́ńbà ọdún tí ẹ ń rí lára ìgò, ọjọ́ orí èyí tó kéré jù nínú ọtí tó wà níbẹ̀ ni. Single malt tí wọ́n ń kọ sára ìgò kì í ṣe ọtí àgbá kan ṣoṣo, bí mo ṣe rò tẹ́lẹ̀. Ọtí ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo ni, tí wọ́n fi kìkì ọkà báálì tó ti hù ṣe. Bẹ́ẹ̀ ni pé ọtí kò ní nọ́ńbà ọdún kò sọ pé kò dára: Johnnie Walker Blue Label kò ní, ó sì wọ́n gan-an. Ohun tó dùn mọ́ mi jù ni pé ọtí kì í dàgbà mọ́ tó bá ti wọ ìgò. Ọlọ́dún 12 tí wọ́n tì mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù fún 20 ọdún, ọlọ́dún 12 náà ló ṣì jẹ́.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, èmi àti ọ̀rẹ́ mi wa mọ́tò lọ sí Ballindalloch, lẹ́sẹ̀ òkè Ben Rinnes, níbi tí ilé iṣẹ́ wísìkí Glenfarclas wà. Ìdílé Grant ra ibẹ̀ lọ́dún 1865, ọwọ́ wọn ló ṣì wà títí di òní. Ẹni tó bá ti rí bí wọ́n ṣe ń ṣe ògógóró kò ní ṣe àjèjì níbẹ̀, torí ìkòkò bàbà ńláńlá ni, iná gidi ló sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé ooru omi gbígbóná ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ yòókù ń lò. Ilé tí àgbá wà ni kò kúrò lọ́kàn mi. Òrùlé rẹ̀ kò ga, ilẹ̀ lásán ló wà lábẹ́ ẹsẹ̀, ó tutù, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ sì dùn bíi kéèkì. Ọtí tó ń gbẹ kúrò nínú àgbá ni imú wa ń gbọ́ yẹn. Wọ́n ń pè é ní ìpín àwọn áńgẹ́lì, ó sì tó nǹkan bí 2% lọ́dọọdún. Ẹ ṣírò rẹ̀ fún ọdún 15: ó súnmọ́ ìdá kan nínú mẹ́rin. Àtìgbà yẹn ni mi ò ti ráhùn mọ́ nípa owó ọtí àgbà.

Mo tọ́ mẹ́ta wò. (Ọ̀rẹ́ mi tó ń wakọ̀ kò fẹnu kàn án rárá, òfin ọtí fún awakọ̀ le ní Scotland ju ti England lọ.) Ọlọ́dún 10, 40%, dùn ṣùgbọ́n kò pẹ́ lẹ́nu. Èyí tí wọ́n ń pè ní 105, 60% ni, ó gbóná fún àgbàlagbà. Ọlọ́dún 15, 46%, ni ọkàn mi balẹ̀ sí. Wọn kò fi àwọ̀ kankan kún un, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin gba kí wọ́n fi ṣúgà jíjó pa ọtí láró. Owó rẹ̀ kò pé £80 lọ́jọ́ tí mo rà á. Ọlọ́dún 21 wà níbẹ̀, ó wọ́n jù ú lọ dáadáa, 43% sì ni. Lójú tèmi, nọ́ńbà ni ènìyàn ń sanwó fún níbẹ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ ìbí náà, Bàbá gbé ìgò sójú iná, wọ́n wo àwọ̀ rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Wọ́n ṣàdúrà sí i. Wọ́n fà á lẹ́ẹ̀kan, wọ́n fajú ro díẹ̀, torí 46% a máa ta ọ̀fun. Mo ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí n bu omi là á." Wọ́n wò mí bíi pé mo fẹ́ ba nǹkan jẹ́. Ẹ̀kán omi mẹ́ta péré ni, kì í ṣe yìnyín o, torí òtútù a máa pa òórùn ọtí. Adùn rẹ̀ wá ṣí: dàbínù ló kọ́kọ́ dé, lẹ́yìn náà èèpo ọsàn, lẹ́yìn náà ìkorò díẹ̀ bí ìgbà tí ènìyàn gé orógbó jẹ, ó sì pẹ́ lọ́fun kó tó lọ. Bàbá dákẹ́. Nígbà tó yá, wọ́n ní, "Kéèkì ìyá yín nìyí." Wọ́n gba ife kejì lálẹ́ ọjọ́ náà, ohun tí mi ò rí kí wọ́n ṣe rí.

Bí ẹ bá ń wá ìgò tí yóò máa dán lórí tábìlì ayẹyẹ, èyí kọ́ ni, torí páálí rẹ̀ kò ní ọ̀ṣọ́ púpọ̀. Ẹni tó fẹ́ràn èéfín náà kò ní rí i tó. Ṣùgbọ́n fún àgbàlagbà tó fẹ́ràn adùn, mi ò ní wá òmíràn kún un. Ẹ gbé e nàró, ẹ má fi sùn bíi wáìnì, kí ọtí má bàa jẹ kọ́ọ̀kì. Tí ẹ bá fẹ́ fi bàálù gbé e relé, inú àpótí ẹrù tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ yín ni kó wà, kí ìdérí rẹ̀ ṣì wà ní títì.

Ìgò kejì tí mo rà, Bàbá fi agbádá wọn wé e, wọ́n tẹ́ ẹ sáàárín àpótí. Mo bi wọ́n pé ìgbà wo ni wọ́n máa ṣí i. Wọ́n gba bírò lọ́wọ́ mi, wọ́n kọ ọ́ sára páálí pé: "Ọjọ́ ìbí 70 ìyá yín."